Bàálù Tó Gbéra Lẹ́yìn Tírélà

Àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ baba yìí ló sọ ọ́ ní Ẹrù-kì-í-bọ́. Láti ìgbà tó ti ń wa tírélà, ẹrù kan ò jábọ́ lẹ́yìn rẹ̀ rí, nítorí láti orí ìjókòó, ìdí rẹ̀ máa ń mọ bí ẹrù ṣe wà ju ojú rẹ̀ lọ. Bí tírélà bá ti fúyẹ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti dé orí bíréèkì kí ọpọlọ rẹ̀ tó gbọ́. Ìwà rere ni. Ìwà rere yìí náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ rẹ̀ lánàá.

Ọmọ ọ̀hún, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ń fi bàálù kékeré dárà fún èrò ìwòran. Àrà tó gbé dé báyìí ni pé kí bàálù gbéra lórí tírélà tó ń sáré, ó sì ní bàbá òun nìkan ló máa wa tírélà náà. Wọ́n dán an wò lánàá. Bí bàálù ṣe ń múra àtigbéra ni tírélà fúyẹ́, ni baba bá tẹ bíréèkì. Gbì! Bàálù bọ́ padà sórí pátákó ẹ̀yìn tírélà, táyà rẹ̀ kan dúró ní eteetí bí ẹni tó fẹ́ yọjú wo ìsàlẹ̀.

"Wá ẹlòmíì," ni baba wí láàárọ̀ yìí. "Mi ò fẹ́ fọwọ́ ara mi pa ọmọ mi."

"Bàámi, ta ló lè wa ọkọ̀ tààrà bíi tiyín? Ẹ gbọ́, bàálù ò mọ ilẹ̀, kò mọ tírélà. Atẹ́gùn ló mọ̀. Eré tí ẹ bá ń sá ló ń gbé atẹ́gùn pàdé apá rẹ̀. Apá á ti atẹ́gùn sísàlẹ̀, atẹ́gùn á ti apá sókè. Bí ẹ bá dín eré kù, ẹ ti gba atẹ́gùn lọ́wọ́ mi nìyẹn."

"Tó bá wá fúyẹ́ ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń lọ yẹn. Ẹ jẹ́ n lọ."

"Ohun tí o sọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ nìyẹn."

"Ṣé ẹ tẹ bíréèkì lọ́jọ́ náà ni?"

"Mo tẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ ló yọ ẹsẹ̀ mi kúrò."

Baba gbà, ọmọ wọ bàálù, tírélà mú eré. Ẹ̀rọ bàálù ń ké lẹ́yìn orí baba. Tírélà fúyẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún baba gbéra, ó fẹ́ sá lọ sídìí bíréèkì. Baba fi ọwọ́ kan di itan ara rẹ̀ mú bí ẹni di ewúrẹ́ olóríkunkun mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ iná tó ń mú ọkọ̀ sáré. Ó túbọ̀ fúyẹ́. Ó tún fúyẹ́ sí i. Lójijì, òjìji bàálù sá kọjá lójú ọ̀nà níwájú rẹ̀.

Ó yọrí lójú fèrèsé, ó pariwo sókè bí gbogbo bàbá ṣe máa ń ṣe: "Rọra o! Má sáré!"

Ó wá rántí ọ̀rọ̀ atẹ́gùn.

"Rárá o! Sáré, ọmọ mi! Máa sáré lọ!"