Oògùn Omi Tí Mo Ní Kí Wọ́n Dín Kù

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ìjọba, lójú ọ̀nà tó gba Ìyànà Ọ̀fà wọ inú oko lọ. Láàbù ni wọ́n fi mí sí, yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í padé dáadáa. Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ erùpẹ̀ àti omi wò.

Omi ló nira jù níbẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, kànga á gbẹ, ọkọ̀ tó ń gbé omi wá láti ìlú á sì máa wá nígbà tó bá wù ú. Nítorí náà, a kì í da omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nù. Gọ́tà ló ń gbé e lọ sínú kòtò ńlá kan tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ni bàbá tó ń bójú tó omi ti ń da kúlórínì sí i, èyí tí gbogbo wa ń pè ní oògùn omi, kí wọ́n tó fi bomi rin ọgbà ẹ̀fọ́ àti tòmátì. A kì í mu ún.

Bàbá yìí ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni wọ́n, ìyàwó wọn ló sì ń se oúnjẹ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Sísì ni àwọn méjèèjì ń pè mí. Kò sí ọ̀sán kan tí ìyá kì í bu oúnjẹ tèmi pamọ́.

Bàbá máa ń wúkọ́ gan-an. Bí wọ́n bá ti da oògùn yẹn sínú omi tó kún fún ewé jíjẹrà àti ìdọ̀tí ara èèyàn, òórùn kan á gbéra, á ta èèyàn lójú bí ata. Wọn á fi ẹ̀wù bomú, omi á máa bọ́ lójú wọn, wọn á sì máa fi igi rò ó pọ̀.

Ní ọdún kejì, wọ́n rán mi lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Ìbàdàn. Olùkọ́ kan ṣàlàyé pé bí kúlórínì bá pàdé ewé jíjẹrà, ìtọ̀ àti ìdọ̀tí nínú omi, ó máa ń bí àwọn nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Òmíràn ń ta ojú, ó ń fa ikọ́. Òmíràn sì wà tí wọ́n ń fura pé ó lè fa jẹjẹrẹ bó bá pẹ́ lára. Ó ní ká kọ́kọ́ fi álọ́ọ̀mù mú omi tòrò, ká sẹ́ ẹ gba inú yanrìn àti èédú, lẹ́yìn náà ni kúlórínì tó máa wọlé, níwọ̀nba. Ó tún ní, "Ẹ má torí ohun tí oògùn ń bí pa oògùn tì o. Kòkòrò àrùn kì í dúró de ọdún mẹ́wàá bíi ti jẹjẹrẹ."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Nígbà tí mo padà dé, mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wa fún yanrìn, èédú àti kòtò méjì mìíràn. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Lọ́jọ́ kan, mo bá bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, ikọ́ ti mú wọn jókòó sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká dín oògùn yìí kù ná. Ohun tó ń bí nínú omi yẹn ò dáa fún yín."

"Ṣé omi ò ní bàjẹ́, Sísì?"

"Kò ní bàjẹ́. Ìdajì ti tó."

Mi ò yẹ omi yẹn wò kí n tó sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí irinṣẹ́ àyẹ̀wò wà lọ́wọ́ mi.

Ikọ́ wọn rọlẹ̀ lóòótọ́. Ìyá wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní láàbù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n ń bì. Onígbáméjì ni. Wọ́n ti já tòmátì nínú ọgbà, wọ́n sì fi omi inú kòtò yẹn ṣan án kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ìyá náà jẹ níbẹ̀, àìsàn náà sì mú wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yè. Èmi àti bàbá la gbé ìyá sínú ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ní ọ̀sán gangan. Ìka ọwọ́ wọn ti hun jọ bíi ti ẹni tó fọṣọ látàárọ̀. Wọ́n la ojú wọn tó ti jìn wọnú, wọ́n ní, "Ta ló ń wo iná?" A ò tíì dé Ìyànà Ọ̀fà tí wọ́n fi dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó yẹ omi náà wò. Ìdọ̀tí ti jẹ gbogbo oògùn inú rẹ̀ tán. Kò ku ohunkóhun tó lè pa kòkòrò.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ohun tí mo kọ lẹ́tà fún dé. Bàbá fúnra wọn ló gbẹ́ kòtò méjèèjì. Láràárọ̀ ni mo ń wọn oògùn, lẹ́yìn tí omi bá ti tòrò tó sì ti gba inú yanrìn àti èédú kọjá. Díẹ̀ ló ń gbà, kì í sì í ta ẹnikẹ́ni lójú mọ́.

Ọjọ́ tí bàbá ń rọ yanrìn sínú kòtò tuntun ni mo tó lè sọ ọ́.

"Bàbá, èmi ni mo ní kẹ́ ẹ dín in kù."

Wọn ò gbójú sókè. "Mo mọ̀. Nítorí ikọ́ mi lo ṣe sọ ọ́. Ká ní o kórìíra mi ni, ǹ bá ti rí ẹni bínú sí."

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ̀yìn tì, tí wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọn lápá Akanran. Mo lọ kí wọn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé àga fún mi, a sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ kòkó. Nígbà tí mo dìde, wọ́n sìn mí dé títì. Wọn ò ní kí n tún padà wá.