Orí Fífá Ṣáájú Ọjọ́ Rẹ̀

Ọdún tí mo pé márùndínláàádọ́ta ni irun iwájú orí mi kó ẹrù, ó lọ. Mi ò ní purọ́, ó dùn mí. Níbi tí mo ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, àwọn oníbàárà tó yẹ kí n pè ní ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní bàbá. Mo bá lọ sọ́dọ̀ dókítà kan tó ń gbin irun ní Palmgrove.

Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Nínú ti àkọ́kọ́, wọn yóò gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìpàkọ́ mi, wọn yóò yọ irun inú rẹ̀ gbìn síwájú, wọn yóò sì rán ojú ibẹ̀. Àpá rẹ̀ máa ń gùn, àmọ́ irun ni yóò máa bò ó. Nínú èkejì, wọn yóò máa hú irun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpá tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ti àkọ́kọ́ ló fẹ́ fún mi, torí irun tiwa máa ń lọ́ lábẹ́ awọ, òmíràn sì lè já bí wọ́n bá ń hú u.

"Ẹ ò ṣáà ní fárí kodoro láyé yín, àbí, sà?"

Ìbéèrè dókítà yẹn mú mi rántí bàbá mi. Apẹja ni bàbá mi nílẹ̀ Ìlàjẹ kó tó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Bàrígà, èmi sì ni àkọ́bí rẹ̀. Nílé wa, ọjọ́ tí bàbá bá kú ni àkọ́bí ń fárí kodoro. Mo rí ara mi lẹ́bàá sàréè, tí gbogbo ẹbí ń wo àpá gbọọrọ lẹ́yìn orí mi. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni. Ojú tì mí pé mo jókòó síbẹ̀, mo ń ṣètò ìsìnkú ẹni tí mo fi sílẹ̀ nílé tó ń jẹ ẹja rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Mo ní kí wọ́n hú u lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò sọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí n kò rò ni pé wọn yóò kọ́kọ́ fá orí náà, àti pé dókítà kò ní jẹ́ kí n dé fìlà lé irun tuntun. Bí mo ṣe dé àdúgbò wa, obìnrin ará ìlú wa kan tó ń ta ẹja rí orí mi, ó káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Ẹkún rẹ̀ ló ṣáájú mi délé. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló jáde wá béèrè ẹni tó kú.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ìdí tí mo fi yan èyí tí mo yan. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò bínú. Ó ní kí n jókòó. Ó wo orí náà níwájú, ó yí lọ wò ó lẹ́yìn, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Lọ́jọ́ tó o máa fá a fún mi, mi ò ní rí i," ló wí. "Ó dáa bí mo ṣe rí i lónìí."