Ìlà Tó Gbẹ̀yìn Ìwé Aláboyún

Yàrá tí kọ̀ǹpútà yẹn wà máa ń rùn ní òórùn mẹ́ta pọ̀: kẹrosíìnì, omi tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí, àti yíǹkì tó ti gbóná. Títí di òní, bí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ìlaròó, tí òórùn yíǹkì bá gbá mi nímú, ẹsẹ̀ mi á kọ́kọ́ wúwo kí n tó rántí ohun tó fà á. Ọ̀rẹ́ mi, n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ rí. Kì í ṣe pé mo fi pa mọ́ fún ọ. Ó máa ń rẹ̀ mí ni, bí mo bá ti ronú ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ni, ti ìjọ, lójú ọ̀nà Òkè-Ọ̀dàn. Métírọ́ọ̀nù kan, nọ́ọ̀sì méjì, ìyá tó ń fọ aṣọ, àti èmi akọ̀wé, ó parí. Sísítà òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú wọn ló fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ fún wa. Kíbọ́ọ̀dù lásán ni, tí a ń so mọ́ tẹlifíṣàn, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó máa ń pariwo bí ẹni ń gé páànù. Bí iná ìjọba bá lọ láàárín iṣẹ́, ohun gbogbo ti lọ nìyẹn. Àfi kí n tún gbé kásẹ́ẹ̀tì tí a tọ́jú ètò iṣẹ́ rẹ̀ sí sínú rẹ́kọ́dà, kí n jókòó ti ariwo wíì-wíì rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ètò náà tó padà wọlé. Nígbà mìíràn, kó tó wọlé tán, iná á tún lọ. Síbẹ̀ mo ń fi yangàn, kí n má parọ́. Obìnrin mélòó ló mọ bí a ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ní agbègbè wa nígbà náà?

Kí ẹ̀rọ tó dé, ẹnu ni Métírọ́ọ̀nù fi ń sọ ohun tí àwọn aláboyún máa mú wá lọ́jọ́ ìrọbí: ọṣẹ, òwú, abẹ tuntun, aṣọ mímọ́, rọ́bà tí a ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, fláàsì omi gbígbóná, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí tó fi pé méjìlá. Wọn á máa dáhùn pé "Ẹ ṣeun, Mà," bí ìrọbí bá sì dé, ìdajì ẹrù á ti di ìgbàgbé. Métírọ́ọ̀nù á bú wọn díẹ̀, á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, á fi tiwa kún un. Fláàsì mẹ́ta ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Èmi ni wọ́n máa ń ní kí n fọ̀ wọ́n, ó sì ti sú mi. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé fún wọn, kí wọ́n máa màákì rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan." Ó ní, "Tí o bá lè ṣe é, ṣe é."

Tíṣà ìṣirò kan ní Ìlaròó ló kọ́ mi ní BASIC, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, díẹ̀díẹ̀, ní ọjọ́ Sátidé. Ètò tó fi ń tẹ ìwé ẹrù fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ wá gbé nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ló dà sínú kásẹ́ẹ̀tì fún mi: mátírẹ́ẹ̀sì, bọ́kẹ́ẹ̀tì, àdá, ọkọ́, pẹ̀lú àpótí kékeré níwájú ìkọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan ni kí o máa yí. Má fọwọ́ kan nọ́ńbà tó wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan." Mo yí mátírẹ́ẹ̀sì sí rọ́bà, mo yí bọ́kẹ́ẹ̀tì sí fláàsì. Nígbà tí mo dé ìlà igba, èyí tó gbẹ̀yìn, mo bá ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: ENI TI ERU RE KO BA PE, A KO NI GBA A WOLE. N kò yí i. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o. Mo kà á, ó dùn mọ́ mi. Ó dún bí ọ̀rọ̀ ìjọba. Métírọ́ọ̀nù náà kà á, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé èyí kò le jù?" Mo ní, "Mà, ẹ̀rù rẹ̀ ló máa jẹ́ kí wọ́n ra ẹrù wọn pé." Ẹnìkan ké láti yàrá ìrọbí, Métírọ́ọ̀nù sáré lọ, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ẹ̀rọ yẹn kò ní àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà, nítorí náà báírò ni mo fi ń sàmì sí ìwé kọ̀ọ̀kan níwájú ẹni tó fẹ́ gbà á, láti òkè títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Inú àwọn obìnrin náà dùn sí i ju bí mo ti rò lọ. Ẹlòmíràn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹlòmíràn fi sínú Bíbélì, ìyàwó Ààfáà kan fi tirẹ̀ sínú Kùránì. Wọ́n sọ ọ́ ní ìwé ìwọlé. Ó yẹ kí orúkọ yẹn ti bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni mo ń rín.

Ìyàwó àgbẹ̀ kan wà nínú wọn, láti abúlé kan lẹ́yìn Ajílété. Ọ̀dọ̀ wa ló bí ọmọ méjì àkọ́kọ́ sí. Oyún kẹta nìyí. Bí ẹ̀rọ mi bá ti ń ké, á di ikùn mú, á ní, "Àǹtí Akọ̀wé, ẹ ní kó rọra o, ọmọ mi ń sùn." Ní klíníìkì tó wá kẹ́yìn, ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì mi. Ó ti màákì mọ́kànlá. Ó ní, "Fláàsì ló kù." Fláàsì mẹ́ta ń bẹ lẹ́yìn mi nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì la ẹnu mi mo ní, "Ẹ tètè wá a o."

Ọ̀sẹ̀ kejì, ní ọ̀sán tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ yà wọ ọgbà wa. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Páálí fláàsì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, èdè Faransé ni wọ́n kọ sí i lára. Ìwé mi wà lọ́wọ́ kejì. Ó ń mí hẹlẹ, ó ní, "Ó ti pé, Mà. Gbogbo rẹ̀ ti pé." Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀, lórí aṣọ tó ti rin fún ẹ̀jẹ̀, ìyá ọkọ jókòó tì í pẹ̀lú nǹkan kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ wé. Àfẹ̀mọ́jú ni ìrọbí ti mú un. Ọkọ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkè-Ọ̀dàn, kò rí fláàsì. Ó tún kọrí sí Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà tó ń wá láti òdìkejì ẹnubodè. Kó tó padà délé, ìyàwó ti bímọ sórí ilẹ̀ yàrá. Ọmọkùnrin ni. Ìwọ́ lọ́ ọ lọ́rùn, kò ké rárá.

Métírọ́ọ̀nù gba ẹ̀mí ìyá là, Ọlọ́run ló bá a ṣe é. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dá tán, ó jáde wá, ó bi ọkọ pé, "Kí ló dé tí ẹ kò gbé e wá ní kété tó bẹ̀rẹ̀?" Ọkùnrin náà kò bínú. Ó tú ìwé náà, ó fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní wọn ò ní gbà á wọlé." Àwọn méjèèjì wá yíjú sí mi. Ọ̀rẹ́ mi, ó ń tì mí lójú títí di òní. Mo ní, "Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Métírọ́ọ̀nù padà wọlé lọ bá ìyá náà. Mo padà sínú yàrá, mo tan ẹ̀rọ. Nínú BASIC, bí o bá fẹ́ pa ìlà kan rẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni wàá tẹ̀, kí o sì tẹ kọ́kọ́rọ́ kan sí i. Mo tẹ igba. Ó ti lọ. Kò tó ìgbà tí èèyàn fi ń sín.

Ṣùgbọ́n ìwé tó ti jáde lé ní ogójì. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìwé kì í fọ́ ní tiẹ̀; ó wà lára ògiri wọn, wọ́n ń kà á. Métírọ́ọ̀nù fún mi ní kẹ̀kẹ́, ó ní kí n lọ kó wọn wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wọ abúlé oko kan bọ́ sí òmíràn, nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ìwé tuntun lápò, àwọn obìnrin kò sì fẹ́ yọ̀ǹda tiwọn. "Háà, Àǹtí, ẹ fẹ́ gba ìwé ìwọlé mi? Níbo ni kí n wá bímọ sí?" Mo ní kí n fi báírò fagi lé ìlà náà, ìyá àgbà kan gbá ọwọ́ mi dànù: "Ohun tí ẹ̀rọ kọ, ṣé báírò ló máa pa á?" Ìwé tuntun yẹn, ohun tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni: BI KO TILE PE, E MAA BO. Rírẹ̀ ti rẹ̀ mí rí láyé mi, ṣùgbọ́n irú ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn kò tíì kúrò lára mi.

Ó tó ọdún méjì kí n tó tún rí ìyàwó àgbẹ̀ yẹn. Àárọ̀ ni, ó dá wọlé, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀, kò gbé báàgì kankan. Fláàsì yẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Èyí nìkan ni mo mú wá." Mo ní, "Ẹ wọlé, Ẹ̀gbọ́n." Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n jókòó, mo dìde, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀rọ o. Èmi ni mo rí ìlà yẹn tí mo fi í sílẹ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣé ẹ̀rọ gbọ́ Yorùbá ni? Ṣebí ojú mi ló ṣe. Ẹ̀yin lẹ fi báírò sàmì sí i títí dé ìsàlẹ̀." Kò ní òun dárí jì mí, n kò sì bi í. Ó gbé fláàsì náà lé tábìlì mi, ó ní, "Ẹ kó o mọ́ tiyín. Ẹni tí kò bá ní, ẹ fún un." Ó kọjá lọ sí yàrá ìrọbí. Kí oòrùn tó wọ̀, mo gbọ́ igbe ọmọ láti ibẹ̀, mo gbé orí lé kíbọ́ọ̀dù, mo sunkún.

Ẹ̀rọ yẹn ti kú tipẹ́, èmi náà ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tó kù tí mo lò níbẹ̀, èmi ni mò ń fọ fláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, n kò sì tún jẹ́ kó sú mi. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá gbé ìwé fún mi pé kí n màákì rẹ̀, ì báà jẹ́ ní báǹkì, ì báà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ mi á máa pariwo pé, "Màmá, òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀." Mo gbọ́ wọn. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ kà, kí n lè mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ tì síta.