Ta Ló Dá Àrà Ọrùn Agbádá Náà?

Òórùn aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ní ìsọ̀ ìránṣọ mi ní ọjà Arzèkè. Lọ́dún yẹn, mo gbé agbádá kan kọ́, gbogbo ọjà sì ń yà wá wò ó, nítorí ẹnikẹ́ni ò rí irú àrà ọrùn rẹ̀ rí ní Parakou, ìlú wa ní ilẹ̀ Benin. Èmi náà ò wá fẹnu mọ níwọ̀n. Mo ń sọ fún wọn pé ẹ̀rọ inú fóònù mi tó ń yàwòrán ló dá àrà náà, pé ọwọ́ ènìyàn ò sí níbẹ̀.

Ohun tí mi ò sọ, ọ̀rẹ́ mi, ni pé mo ti kọ́kọ́ lọ sí àdúgbò Zongo, sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi tó ti ń fi abẹ́rẹ́ ṣọnà sọ́rùn agbádá kí wọ́n tó bí mi. Mo ya fọ́tò gbogbo ìwé tó ń ya àrà sí, mo ní kí òjò má bàa bà wọ́n jẹ́ ni. Ó tiẹ̀ ṣàdúrà fún mi. Àwọn fọ́tò yẹn ni mo fi kọ́ ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, àbúrò bàbá mi yà kí mi lẹ́yìn ìrun. Ó fọwọ́ pa ọrùn agbádá náà títí tó fi kan ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti ń tẹ̀ díẹ̀ kó tó parí. Ibẹ̀ gan-an làwọn oníbàárà fẹ́ràn jù. Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi. Kùmọ̀ ló fọ́ ìka rẹ̀ kan nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń lu aṣọ kó lè dán, ìka náà ò sì nà mọ́.

"Àbùkù ọwọ́ mi nìyí," ó wí. "Ọmọ mi, ṣé èmi kọ́ ni mo ya èyí?"

Àwọn oníbàárà mẹ́ta dúró tì wá.

"Rárá o, Bàbá Kékeré. Ẹ̀rọ ló dá a fúnra rẹ̀."

Ó wò mí, ó ṣàdúrà sí ọjà mi, ó sì lọ. Wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni; èmi fọwọ́ òsì júwe rẹ̀ lójú ọjà.

Nígbà tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, tí mo jẹ́wọ́, ó ní òun ti forí jì mí. Ṣùgbọ́n kò ya nǹkan kan mọ́. "Bí mo bá ya tèmi báyìí," ó ní, "wọ́n á ní ara ẹ̀rọ ni mo ti wò ó."

Bí o bá bi mí bóyá ẹ̀rọ lè dárà, mi ò lè ní kò lè. Ó so ìlà pọ̀ bí Bàbá Kékeré ò ṣe so ó rí. Àmọ́ ẹ̀rọ ò sọ pé òun nìkan ló ṣe é, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, mo ń sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní mo kàn ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni.