Orin Òkété Tí Mo Fi Sẹ́nu Àwọn Ọmọ

Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹni tó ń kà á má baà máa wá ẹlòmíràn tó máa dá lẹ́bi bó bá ṣe ń kà á lọ. Mo pa àlọ́ kan fún àwọn ọmọdé, mo mọ ẹni tí mo ń pa á mọ́, mo sì ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Télọ̀ ni mí, ní Sabon Gari, lójú ọ̀nà tó lọ sí Fagge. Kano ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe já mi lẹ́nu ọmú ni wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ọ̀fà, mo sì wà níbẹ̀ títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ọdún kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo fi ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ níbí ni Yorùbá tó já gaara, àti àlọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà yẹn.

Ìyá àgbà kì í sọ ẹ̀kọ́ inú àlọ́ fún wa. Bó bá ti parí, á bi wá pé, "Kí lẹ rí níbẹ̀?" Ohun yòówù tí a bá sọ, á ní, "Ó dáa. Ẹlòmíràn ńkọ́?" Mo máa ń rò pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdáhùn ni.

Nítorí Yorùbá mi yìí ni àáfà ilé-kéú mọ́ṣáláṣí wa fi ní kí n máa wá pàlọ́ fún àwọn ọmọ ní gbogbo Sọ́ńdè, tí wọ́n bá ti kéwú tán, kí wọ́n tó jẹun. Àwọn ọmọ wa níbí gbọ́ Yorùbá, wọn kì í fi dáhùn ni. Ìyá wọn á ní "Wá jẹun", wọ́n á fi Hausa ní "Ina zuwa", pé àwọn ń bọ̀, wọn ò sì ní dìde. Àáfà gbà pé bí àlọ́ bá dùn mọ́ wọn, èdè á wọ́ tẹ̀lé e.

Ìyá kan ló ń se oúnjẹ àwọn ọmọ náà. Òun ló ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní àdúgbò wa láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn òbí máa ń dá nǹkan jọ, òun á lọ ra èèlò ní ọjà Singer, á sì sè é lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo Sọ́ńdè, tó bá ti bu oúnjẹ tán, á bù sínú abọ́ kan tó ní ọmọrí aláwọ̀ ewé, á fi aṣọ dì í, á gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, á wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní àdàídàítà lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ. Èmi náà kò bi í rí.

Ohun tó wà láàárín wa kò ju ẹran lọ. Sọ́ńdè kan, mo gbé àwo mi padà lọ bá a.

Ó ní, "Télọ̀, o ti jẹ."

"Màmá, ẹran yẹn kéré."

"Ọmọdé la se é fún. Ṣé ọmọdé ni ọ́? Tó bá jẹ́ ọmọdé ni ọ́, lọ jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wọn, kí n wá bù ún fún ọ."

Àwọn obìnrin tó ń fọ àwo bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ẹ fún un jàre, ó ṣì ń dàgbà lọ́wọ́ ni." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé ẹ̀rín náà délé, kò sì dùn mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo jókòó sídìí maṣíìnì tí mo hun àlọ́ kan. Kì í ṣe ti ìyá àgbà, èmi ni mo ṣe é. Mo ní ọ̀gbẹlẹ̀ dé, àwọn ẹranko kó oúnjẹ wọn pọ̀, wọ́n ní kí Òkété máa sè é. Ojoojúmọ́ ni oúnjẹ ń dín. Òkété kì í jókòó jẹun pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì máa ń wú. Á já ewé tútù kan bo ẹnu, á sì sáré wọ ihò rẹ̀ lọ. Ewé tútù yẹn, mo mọ ohun tí mo fi í ṣe. Ìgbà tó yá ni ẹranko kan fi orin sí i, àwọn yòókù sì ń gbè é:

Òkété, kí ló wà lẹ́nu?
Ẹnu kún!
Òkété, ibo lò ń gbé e lọ?
Ẹnu kún!

Ojú ti Òkété, ó sá kúrò nílùú. Ibẹ̀ ni mo parí rẹ̀ sí ní Sọ́ńdè yẹn. Mo bi àwọn ọmọ bí ìyá àgbà ṣe máa ń bi wá: "Kí lẹ rí níbẹ̀?"

Ọmọkùnrin kan pariwo, "Barawo ne!" Olè ni, ó ní. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo rí ọmọ méjì tí wọ́n yíjú sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ọmọbìnrin kékeré kan, bí ọmọ ọdún méje, na ọwọ́ sókè. Ó fi Hausa bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Wa yake cikin ramin?" Nígbà tó rí ojú mi, ó tún un sọ lédè wa: "Ẹ̀gbọ́n télọ̀, ta ló wà nínú ihò yẹn?"

Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Àlọ́ ti parí."

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, orin yẹn ti gba àdúgbò. Àwọn ọmọ tí kì í kí ìyá wọn lédè Yorùbá ń fi Yorùbá kọrin lọ kọrin bọ̀. Àwọn òbí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àáfà bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Mo gba ọpẹ́ náà.

Sọ́ńdè kẹta, ìyá yẹn gbé abọ́ rẹ̀, ó ń lọ. Ọmọ kan dá orin náà, gbogbo ilé gbè é. Ó dúró. Kò wo àwọn ọmọ rárá. Èmi ló wò. Lẹ́yìn náà ó tún aṣọ abọ́ náà dì, ó sì jáde.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró tì í bó bá ń bu ẹran. Kò sẹ́ni tó pè é ní olè, nítorí náà kò rí ẹni tó lè dá lóhùn. Ibi tí àlọ́ ti lágbára nìyẹn: kì í dárúkọ. Ta ni yóò dìde láàárín èrò pé òun kọ́ ni Òkété? Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó wá, ó fọ ìkòkò ńláńlá wọ̀nyẹn mọ́, ó dojú wọn délẹ̀, ó sì gbé ṣíbí lé ìyàwó àáfà lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ gbà á. Ó ti rẹ̀ mí."

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí mo gbé jàlàbíà kan lọ fún oníbàárà mi ní Yankaba, ní ọ̀sán Sọ́ńdè. Bí mo ṣe ń kọjá nínú agbo ilé rẹ̀, mo rí abọ́ ọlọ́mọrí aláwọ̀ ewé yẹn lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan. Ìyá yẹn jókòó sórí àpótí, ó ń fi ṣíbí bọ́ bàbá arúgbó kan. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún bàbá náà. Mo wò ó dáadáa. Olùkọ́ ilé-kéú wa àtijọ́ ni, ẹni tó kọ́ mi ní álífù nígbà tí mo dé láti Ọ̀fà. Wọ́n ti sọ fún gbogbo wa pé ó ti padà sílùú rẹ̀.

Bàbá mọ̀ mí kí n tó kí i. Ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi! Mo gbọ́ pé o ń pàlọ́ fún àwọn ọmọ. Pa ọ̀kan fún mi."

Ìyá yẹn kò gbójú sókè. Ó ní, "Pa á fún bàbá, télọ̀. Èyí tó lórin."

Mo ní ọ̀fun ń dùn mí.

Nígbà tí ìyá yẹn jáde wá da omi nù, mo tẹ̀ lé e, mo dọ̀bálẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi láìgbóhùn sókè. Bàbá ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí àwọn ọmọ tí òun kọ́ mọ̀ pé òun ti di ẹni tí wọ́n ń bọ́. Gbogbo Sọ́ńdè sì ni òun máa ń fi mudu ìrẹsì kan ti ara òun kún ti àwọn ọmọ kí òun tó bu ti bàbá.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

"Dìde, yẹ̀pẹ̀ ń ba aṣọ rẹ jẹ́. Ṣé kọ̀rọ̀ lo ti pa àlọ́ yẹn?"

"Rárá, mà."

"Ta lo pa á fún?"

"Àwọn ọmọ."

"Ẹ̀hẹ́n. Àwọn ni kó o lọ bá. Èmi kì í ṣe ọmọ ilé-kéú." Ó gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ nù. "O ò sì gbọdọ̀ dárúkọ bàbá yìí fún ẹnikẹ́ni."

Bí kò bá sí orúkọ bàbá nínú ọ̀rọ̀ náà, àlọ́ nìkan ló kù tí mo lè fi tún un ṣe. Mo ti hun ìparí rẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ló ti fi hàn mí láti ọjọ́ àkọ́kọ́: àwọn ẹranko wọ ihò, wọ́n sì bá ẹni tí kò lè dìde níbẹ̀. Ó rọrùn. Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti ń wúwo ni ẹranko tó dá orin sílẹ̀. Kò lè sá fún ìparí yẹn. Àwọn ọmọ tó rí ọmọrí abọ́ nínú ewé tútù yóò rí mi nínú ẹranko yẹn, èmi tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.

Mo ti lọ ní Sọ́ńdè púpọ̀ láti ìgbà náà. Àlọ́ mìíràn ni mo ń pa. Ìyá yẹn kò tíì padà sídìí ìkòkò, mo sì jẹ ẹ́ ní ìparí àlọ́ kan títí di òní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá. Ó dúró, ó ní, "Télọ̀, ọ̀fun ńkọ́?"

Mo ní ó ṣì ń dùn mí díẹ̀.