Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi Kì í Mu Epo

Ọmọ mi ra kẹ̀kẹ́ ológeere tó ń lo iná mànàmáná, ó wá ń bi mí bóyá agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè sọ ọ́ di alùpùpù lójú òfin. Mo rẹ́rìn-ín, àárò bàbá mi sì sọ mí.

Láyé ìjọba ológun, bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́ ní Aradagun, ra kẹ̀kẹ́ kan ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ẹnubodè, tó ní ẹ́ńjìnnì kékeré, tó tún ní pẹ́dà tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Àwọn sójà tó ń dúró lójú títì Imeke sọ pé alùpùpù ni, àfi kó gba nọ́ńbà. Bàbá mi ní, "Ohun tí mò ń fẹsẹ̀ wà, kẹ̀kẹ́ ni." Alágídí! Látìgbà náà, tí a bá ti ń sún mọ́ wọn, á pa ẹ́ńjìnnì, á máa tẹ pẹ́dà kọjá, èmi lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí epo wọ́n, ẹ́ńjìnnì kú ní tòótọ́. Bàbá ń tẹ pẹ́dà bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àánú rẹ̀ ṣe sójà kan.

"Bàbá, ó tó. Ṣebí à ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì yín látòkèèrè lójoojúmọ́. Ẹ sítáàtì ẹ̀ jàre, ẹ máa lọ."

Bàbá mi ò lè sọ pé epo ló tán. Kẹ̀kẹ́ kì í mu epo.

"Kẹ̀kẹ́ ni," ló wí, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ.