Ẹṣin Pupa Tí Mo Ní Kí Wọ́n Fi Síta

Yàrá kan ní àdúgbò Berea láàárín ìlú ni mò ń gbé lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí lórí àìsàn tí ń pa ẹṣin. Takisí méjì ni mo máa ń wọ̀ kí n tó dé ilé ẹṣin tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà, lẹ́yìn àdúgbò Fourways lẹ́bàá ìlú. Kantíkantí ló ń gbé àìsàn ọ̀hún kiri. Iṣẹ́ tèmi ni láti fi iná dẹ pańpẹ́ fún kòkòrò yìí nírọ̀lẹ́, kí n sì máa wò bóyá ara ẹṣin kankan ń gbóná.

Bàbá tó ń tọ́jú àwọn ẹṣin náà, ará Zimbabwe, kì í jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá ìkankan níta, torí ìrọ̀lẹ́ ni kantíkantí máa ń yọ. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ mọ iye tí yóò bà lé ẹṣin gan-an. Mo bẹ Bàbá pé kó dúró ti abo ẹṣin pupa kan níta díẹ̀ sí i.

"Ṣé ọ̀gá rẹ mọ̀ sí i?" ló bi mí.

"Kò ní pẹ́, Bàbá."

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ìwádìí kò mọ̀. Ẹṣin náà ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ohun tí mo fi tan ara mi jẹ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá pè mí láàárọ̀ pé ẹṣin pupa kò jẹun. Nígbà tí mo débẹ̀, kòtò òkè ojú rẹ̀ ti wú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, kò wò mí. Dókítà ẹran ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, omi tó ń hó bí ọṣẹ ń dà nímú rẹ̀. Ó ṣubú, kò dìde mọ́.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi.

"A ò lè mọ̀ bóyá ọjọ́ yẹn ni kantíkantí jẹ ẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ ló yẹ kó pinnu ẹ̀."

Ó gba iṣẹ́ ilé ẹṣin lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa ka iye kòkòrò tí pańpẹ́ mú ní ọ́fíìsì.

Mo padà lọ bẹ Bàbá. Ó ń fọ ibùjẹ ẹṣin náà. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde," ló wí. "Èmi ni mo di okùn rẹ̀ mú. Mo mọ̀ pé kò dáa, mo sì dúró."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti ọ̀gá mi lọ. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì kan nílẹ̀, mo bá a fọ̀ ọ́.